Ta Ló Di Irun Àbúrò Mi?

Aṣọ àwọ̀sùn ni mo fi sílẹ̀ lára àbúrò mi láàárọ̀. Nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, búláòsì ló wọ̀, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ wà ní dídé. Kọ́kọ́rọ́ ilé sì rèé lọ́rùn mi.

Bọ́tìnnì ni mò ń tà látìgbà tí ọkọ mi ti kú. Mo mọ ohun tí dídé rẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ìka. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún àbúrò mi, ó so rọ̀ bí aṣọ tútù. Ahọ́n rẹ̀ náà wúwo.

"Ta ló wọlé?" Mo rọra bi í. Kó tó la ẹnu, mo ti gbá ọmọ ọlọ mú, mò ń yẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wò. Kò sẹ́nì kankan. Ife tí mo fi sílẹ̀ ní dídọ̀tí ti di fífọ̀, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀rù bà mí, èmi tí ẹnu mi máa ń lé oníjà kúrò lọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin sì ti sọ ọ́: bí obìnrin ọsípítù bá wá yẹ àbúrò mi wò, tó rí i pé kò lè dá nǹkan kan ṣe, ilé àwọn aláìlera ni wọ́n máa gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀, àwa méjì péré la kù nínú ilé yìí.

Obìnrin náà dé lọ́sàn-án, ó gbé búláòsì lé àbúrò mi nítan. "Ẹ wọ̀ ọ́ fún mi, mà."

Mo ti nawọ́.

"Ìyá, ẹ jókòó lé ọwọ́ yín."

"Ta ni ìyá ẹ? Kò lè ṣe é!"

"Ṣé kò lè ṣe é ni, àbí ẹ kì í jẹ́ kó ṣe é? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mò ń kọ méjèèjì."

Mo jókòó lé ọwọ́ mi. Àbúrò mi ti apá tó kú sínú aṣọ ná, ó fi ọwọ́ òsì fà á, ó fi eyín di etí aṣọ mú, ó ń dé bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbín ì bá ti lọ sọ́jà kó bọ̀. Ṣùgbọ́n ó dé e tán. Ó fọ ife.

"Àṣé ìwọ ni?"

"È... èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa ń... kánjú."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Obìnrin náà ní kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ síbì kankan. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ó ń palẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ni ìborí àbúrò mi yọ̀ bọ́.

"Irun yìí mà dára o. Ọwọ́ méjì ló gbà. Ẹ̀yin lẹ dì í?"

Èmi kọ́. Mi ò mọ irun dì, tèmi gan-an, gígé ni. Irun náà wẹ́, ìlà rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, ìdí rẹ̀ wọ́ sí òsì, bí ìyá wa ti máa ń parí tiwa kí wọ́n tó kú.

Mo bi àbúrò mi. Lọ́tẹ̀ yìí mo dúró, mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wá fúnra rẹ̀.

"Mà... Màámi ni. Wọ́n ní orí mi... rí wúruwùru."

Obìnrin ọsípítù kò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Èmi ò bínú. Bó bá jẹ́ Màámi ni, àlejò kọ́. Láràárọ̀, kí n tó ti ilẹ̀kùn, mo máa ń gbé òòyà sórí tábìlì. Bí mo bá dé, irun funfun kan á ti há sí i léyín. Dúdú kirikiri sì ni ti àbúrò mi.

Mo kàn máa ń yọ ọ́ ni, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màámi."