Afárá Tó Ń Mu Omi

Hassanat ni orúkọ ọmọ náà. Akébé ni ilé wọn, ní Libreville. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo gọ́tà.

Gọ́tà náà jìn. Ó dúdú.

Nígbà òjò tó kọjá, afárá kọnkéré tó wà lórí gọ́tà dá sí méjì. Kàá. Mùs'áb, àbúrò Hassanat, já sínú ẹ̀. Bàbá fà á jáde. Ẹsẹ̀ Mùs'áb kán.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má sún mọ́ gọ́tà o. Ẹ jọ̀ọ́.

Ẹsẹ̀ Mùs'áb ti san. Ṣùgbọ́n kì í jáde mọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń ba gbogbo ilé.

Bọ̀dá Charbel, bíríkìlà, wá da afárá tuntun síwájú ilé. Ó fi àpò bò ó. Ó bomi lé e. Ṣàà.

"Ká ṣí i sílẹ̀, kí oòrùn pa á, kó gbẹ," ni Bàbá wí.

"Bàbá Hassanat, oòrùn ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Sìmẹ́ǹtì ń mu omi kó tó le. Ọjọ́ méje gbáko. Tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, á sán," ni Bọ̀dá Charbel dáhùn.

Hassanat ń bomi lé e. Àárọ̀, ṣàà. Ìrọ̀lẹ́, ṣàà.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀rọ omi dákẹ́. Oòrùn mú. Àpò gbẹ.

Hassanat gbé omi ìfọṣọ wá.

"Omi ọṣẹ kọ́," ni Bọ̀dá Charbel, tó wá wo iṣẹ́ rẹ̀, wí.

"Omi òkun ńkọ́?"

"Iyọ̀ á jẹ irin inú ẹ̀. Àbí ìwọ lọ̀gá mi ni?"

Kẹ́ẹ̀gì omi kan ló kù. "Mímu àti àlùwàlá nìkan," ni Màmá wí.

Bàbá ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ilé. Omi ń kán sílẹ̀. Tó, tó, tó. Hassanat ń wò ó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ṣe é síbí."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Ó wá sídìí àpò. Ó fọ ọwọ́. Tó, tó, tó. Ó fọ ojú. Ó fọ ẹsẹ̀. Tó, tó, tó.

Màmá wá. Bàbá Zulkifli wá láti ilé kejì, tòun tàwọn ọmọ ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Àpò tutù. Afárá ń mu.

Ọjọ́ méje pé. Bọ̀dá Charbel ká àpò kúrò. Ó fi òòlù lù ú wò. Kén, kén. Wọ́n gbé e sórí gọ́tà.

Bàbá fò lórí ẹ̀. Gbì. Kò mì.

"Ṣé ó ti yó?" ni Mùs'áb bèèrè.

"Ó ti yó," ni Hassanat wí.

Mùs'áb gbé ẹsẹ̀ kan. Ó dúró. Ó gbé ìkejì. Ó dé òdìkejì. Ó padà. Ó tún lọ.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọjá."

"Mò ń kà á," ni Màmá wí. Kò gbójú kúrò lára ẹ̀.