Òjò Kò Pa Linford

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bá òkú Linford Bascombe nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn afárá kan ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pratley, ọlọ́pàá tó rí i, ní ọtí ló pa á: ó ṣubú lálẹ́, ibẹ̀ ló sì wà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ionie, ìyá rẹ̀, opó ará Jàmáíkà tí kò bí ju ọmọ yìí lọ, fọwọ́ pa ẹ̀wù òkú náà. Ó gbẹ láti ọrùn dé ìdí. Bẹ́ẹ̀, òjò rọ̀ mọ́jú ni. Abẹ́ òrùlé lọmọ òun wà nígbà tí òjò ń rọ̀. Òrùlé ta?

Ó kọ́kọ́ fura sí Everton, ọ̀rẹ́ Linford, torí wọ́n jà lórí ọmọbìnrin kan. Ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ni Everton wà mọ́jú. Ọ̀gá rẹ̀ jẹ́rìí sí i.

Ó wá lọ bá Tranter, òyìnbó tó ń ta ọtí lẹ́bàá afárá, tí kì í jẹ́ kí èèyàn dúdú wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

“Mi ò fẹ́ràn yín, mi ò ní purọ́,” ni Tranter wí. “Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò mutí. Ojú mi làwọn ọlọ́pàá ṣe gbé e sí mọ́tò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò sì ní sọ ọ́ ní kóòtù.”

Ionie gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Pratley ní òun ò rí Linford láàyè rí.

“Ẹ lọ sin ọmọ yín, màmá. Ọmọ tí ò lè pe orúkọ ara ẹ̀ já geere.”

Ionie tẹjú mọ́ ọn. “Ta ló sọ fún yín pé ó ń kólòlò?”

Pratley dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó wá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé kò séwu. Ó ní òun bi Linford lórúkọ, ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu, òun rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Òun gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri àtìmọ́lé. Nígbà tí òjò dá, òun àtàwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ òun gbé òkú náà lọ sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn afárá.

“Ká ní ọmọ òyìnbó ló ń kólòlò ńkọ́?”

Pratley ṣí ilẹ̀kùn fún un. “Ǹ bá dúró dè é.”

Ionie pè é lẹ́jọ́. Ní kóòtù, Pratley sẹ́ kanlẹ̀. Tranter ò yọjú. Adájọ́ da ẹjọ́ nù, wọ́n sì fi Pratley jẹ ọ̀gá.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Ionie ń gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ dúró níwájú àgọ́ náà, tó ń sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé àwọ̀ ara ló pa Linford. Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ níwájú àwọn aṣòfin. Wọ́n bá a kẹ́dùn. Ibẹ̀ ló dúró sí tí irun rẹ̀ fi funfun.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin dúdú kan ti ìlú mìíràn dé, ó gbé àwòrán ọmọ tirẹ̀ mọ́ àyà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n máa ń dá wa lóhùn?”

Ionie sún díẹ̀, kí obìnrin náà lè ráyè dúró.