Ẹnu Tó Ń Tọ́ Ewé Ìrántí Wò

Bí ẹ bá rí bí Mopélọ́lá ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú láyé ìjelòó, ẹnu á yà yín. Òun ló wa ọkọ̀ tó kó àwọn èèyàn láti inú ayé wa yìí lọ tẹ̀dó sí Òkè-Ìràwọ̀ lókè sánmà, ojú ọ̀nà ló sì bí ọmọ rẹ̀ obìnrin sí, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Abíọ́nà. Àfi lọ́jọ́ kan tí ìyá yìí jókòó síwájú ọmọ tó bí, tó ń bi í pé, "Ìyáàfin, ọmọ ta ni yín?"

Kì í ṣe òun nìkan. Ìtànṣán oòrùn tí afẹ́fẹ́ ayé máa ń gbà sára fún wa, kò sóhun tó ń gbà á fún wọn ní Òkè-Ìràwọ̀. Ńṣe ló ń jó awọ tó bo iṣan ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, bí eku ṣe ń jẹ okùn. Àwọn àgbà ni àìsàn ìgbàgbé yìí kọ́kọ́ mú.

Abíọ́nà kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ẹnu lásán. Ó mú ewúro, ó mú efinrin, ó mú ata ilẹ̀ pupa, ó so agbára wọn pọ̀ sínú ewéko kan ṣoṣo, ó gbìn ín sínú ẹ̀rọ amúwéhù. Ewé ìrántí ló pè é. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ewé náà á tún awọ iṣan rẹ̀ hun. Ẹ wo ayọ̀! Ṣọlápẹ́, ọmọ Abíọ́nà, ti lóyún lásìkò yẹn, ohun kan ṣoṣo tí Abíọ́nà sì ń fẹ́ ni kí ìyá òun fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọmọ tí Ṣọlápẹ́ bá bí.

Ni Olóyè Adégoróyè, olórí àwọn àgbà ìlú, tí àìsàn náà ti ń mú díẹ̀díẹ̀, bá ní rárá o, òun ò ní jẹ ẹ́. Ó ní látìgbà tí aláyé ti dáyé, ẹni tó gbé oúnjẹ síwájú èèyàn ní í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, áńbọ̀sì ewé tí ẹ̀rọ mú hù. Abíọ́nà ṣàlàyé títí, ó ní ẹ̀rọ ti yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ̀rọ ò lọ́fun," Olóyè dá a lóhùn. "Ìwọ lo lọ́fun. Jẹ ẹ́ ká rí i."

Abíọ́nà rẹ́rìn-ín, ó jẹ ẹ́. Kí ló le níbẹ̀? Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ilé tó bá wọ̀, àgbà tó bá níbẹ̀ á fún ètè pọ̀ àfi bí Abíọ́nà bá kọ́kọ́ jẹ. Gbogbo ìlú, ẹnu kan ṣoṣo ló ń tọ́ ọ wò fún wọn.

Ewé náà sì jẹ́! Àwọn baba tí ò mọ ọ̀nà ilé mọ́ tún ti ń jiyàn ọ̀rọ̀ àtijọ́, wọ́n ń fa ara wọn láṣọ. Mopélọ́lá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wo ọmọ rẹ̀ lójú, ó ní, "Abíọ́nà, kí ló dé tó o rù báyìí?" Abíọ́nà sunkún ayọ̀ títí ó fi ń ṣe òsúkè. Kò tiẹ̀ rántí dáhùn ìbéèrè náà.

Ṣọlápẹ́ bímọ, ọjọ́ ìkómọ pé. Mopélọ́lá pe orúkọ, ó ki oríkì ìdílé láì fo ẹnì kan. Ó fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, àwo oyin sì ń yí ká. Nígbà tó kan Abíọ́nà, ó tọ́ ọ lá, ó ní ó dùn.

Ìyá rẹ̀ ń wò ó. "Láti kékeré, bí oyin bá ti kàn ọ́ lẹ́nu, ńṣe lojú rẹ máa ń pa dé. Mo rántí. Abíọ́nà, báwo ló ṣe rí lẹ́nu rẹ?"

Abíọ́nà gbé àwo oyin kalẹ̀.

"Bí omi ni, Ìyá mi. Ó ti pẹ́ tí gbogbo nǹkan ti dà bí omi."

Ìwọ̀nba ewé náà ló ń tún awọ iṣan hun. Àjẹjù rẹ̀ ń hun ún nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ibi ahọ́n ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìpín gbogbo ìlú ni Abíọ́nà jẹ. Olóyè Adégoróyè, tí ewé náà ti wo òun náà sàn, rántí ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó ṣí fìlà, ó ń bẹ Abíọ́nà.

Mopélọ́lá fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó gbé ọmọ tuntun lé e lọ́wọ́. Oyin ṣì wà létè ọmọ náà, ó ń lá a. Abíọ́nà tẹjú mọ́ ọn títí ó fi rí i tí ojú ọmọ náà rọra pa dé.

"Ó dùn, Ìyá mi," ló wí. "Èyí dùn."