Orúkọ Tí Túnráyọ̀ Kò Pè

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọkọ mi ṣì wà láyé, ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sóko. Ìyá Àrínọlá ti Òkukù wà láyé. Baba Sájẹ́ǹtì wà láyé, ohùn rẹ̀ sì lè jí gbogbo Inísà láìlo agogo. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà wà láyé, ara rẹ̀ le bí irin rélùwéè. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹnu wa ò tíì mọ́ orúkọ tuntun náà lára.

Ìdájí ọjọ́ kan ni a kọ́kọ́ rí i. Mo ti wọ aṣọ àdúrà mi, mo fẹ́ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójú títì. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹni tí nǹkan ń lé. Ó ń lọ kì, kì, kì, bí ìgbà tí obìnrin méjì bá jọ ń gúnyán nínú odó kan. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn èèyàn ń kọjá nínú ìkùukùu, wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò wẹ̀yìn. Ẹni tó kẹ́yìn wọn ga, ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ìkùukùu sì bò ó dé ìbàdí, bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀. Mo pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀rín ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. Túnráyọ̀, ọmọ ọmọ mi, ti dìde lórí ẹní. Ó ní, "Ìyá Àgbà, wọn kì í ṣe iwin. Eré ni wọ́n ń sá."

Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín lójú ọmọ náà. Títílayọ̀ ọmọ mi ló bí i, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí ó pé ọmọ ogún ọdún ni ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ kan gbà á ní Inísà, ìyá rẹ̀ sì ní ọ̀dọ̀ mi ni kó máa gbé. Ní Ìbàdàn, ó ní ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń sá eré ọ̀nà jíjìn, eré tí èèyàn á sá títí tí òógùn á fi gbẹ mọ́ ọn lára. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, òun nìkan ló kù. Bó bá sáré jáde, àwọn àgbà á dá a dúró: kí ló ń lé ẹ, ọmọ yìí? Ìyá kan tiẹ̀ sá tẹ̀lé e, ó ń bi í pé ta ló kú. Ọlọ́kadà kan ní kó jókòó sẹ́yìn òun lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe pa eré tì nìyẹn. Oúnjẹ kò wù ú mọ́, ó kàn ń gbé inú ilé bí ẹyẹ tí a so lẹ́sẹ̀.

Ní ìdájí kejì, ó ti dúró dè wọ́n létí títì. Wọn ò dúró o, ó bọ́ sáàárín wọn ni. Ẹni gíga náà bi í pé ta ni. Ó fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀, ọkùnrin náà sì gbọ́wọ́ sókè.

"Má sọ ọ́. A kì í pe orúkọ lójú ọ̀nà yìí kí ilẹ̀ tó mọ́. Níbo lo ti wá?"

"Ìbàdàn."

"Ó dáa, Ará Ìbàdàn. Èmi ni Ará Ìbà. Ẹ̀yìn rẹ ni n ó máa wà."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn mi?"

"Ẹ̀yìn ni ewu ti ń wá."

Baba Sájẹ́ǹtì ló ṣe òfin náà. Ó ti ṣiṣẹ́ ológun títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ló sì kó wọn jọ. Ó ní ẹni tí a bá pè lókùnkùn tó bá dáhùn, kò mọ ẹni tó dá lóhùn. Èmi náà fara mọ́ ọn, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Láti Ìkìrun ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gba iwájú ilé mi ní Inísà, wọ́n á sá dé Òkukù, wọ́n á wá wọ mọ́tò padà. Wọ́n jẹ́ tíṣà, wọ́n jẹ́ télọ̀, ọ̀kan ń jó irin. Ará Ìbà ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé ní Ìbà. Òun ló ń gbé àpò tí aṣọ ìpààrọ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, aṣọ Túnráyọ̀ nìkan ló kù nínú àpò náà. Àwọn yòókù ń gbé tiwọn, wọ́n sì ń wo ara wọn lójú.

Túnráyọ̀ kì í lè sá dé Òkukù. Á dúró lágbedeméjì, á di ìhà mú. Ará Ìbà á dúró tì í, á bó ọsàn fún un. Ní ọjọ́ kan Túnráyọ̀ ní, "Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí. Kí lorúkọ rẹ ná?"

"Ọjọ́ tí o bá sá dé Òkukù láìdúró, n ó fi orúkọ mi ta ọ́ lọ́rẹ."

"Orúkọ rẹ wọ́n o."

"Ọjà gidi kì í pọ̀."

Túnráyọ̀ náà wá fi orúkọ tirẹ̀ pamọ́. Eré ìfẹ́ ni wọ́n ń ṣe, wọn ò mọ̀ pé ikú ń gbọ́.

Nígbà òjò ni ìròyìn gbọ́mọgbọ́mọ gba ìlú. Wọ́n ní wọ́n ń di ọmọ lẹ́nu, wọ́n ń kó wọn sínú àpò. A kì í rán ọmọ níṣẹ́ mọ́. Mo bẹ Túnráyọ̀ pé kó fi eré sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ ó di ẹsẹ̀ mi mú. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni òun ti ń jẹ́ ara òun. Mo fi àdúrà tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n n kò sùn.

Lọ́jọ́ náà, ibà dá Baba Sájẹ́ǹtì dúbúlẹ̀, òjò sì dá àwọn yòókù dúró sílé. Àwọn méjèèjì nìkan ló jáde. Wọn ò mọ̀ pé ọmọdébìnrin kan ti sọnù lẹ́bàá Òkukù láti àná, tí àwọn ọkùnrin sì dẹ ojú títì pẹ̀lú àdá. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi títí mo fi ń rí i bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Ara Túnráyọ̀ fúyẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó kọjá ibi tó máa ń dúró sí. "Má dúró," Ará Ìbà ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Má dúró, Òkukù ti dé." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ fún ayọ̀. Ohun tí àwọn ọlọ́dẹ rí ni ọmọbìnrin tó ń sunkún sá bọ̀ àti ọkùnrin tó gbé àpò lé e lẹ́yìn.

Igi ni wọ́n fi dá a wólẹ̀. Wọ́n tú àpò, búláòsì àti ìró àti bàtà obìnrin jáde. Obìnrin mélòó ló ti gbé? Kó tó fèsì, wọ́n ti lu ẹnu rẹ̀ wú. Ẹnìkan yí táyà wá. Túnráyọ̀ gbọ́ òórùn kẹrosíìnì. Ó bọ́ sáàárín wọn, ó ní òun mọ̀ ọ́n, àwọn jọ ń sáré ni.

"Ẹ jọ ń sáré lọ síbo?"

"A kàn ń sáré ni."

"Ẹ gbọ́, wọ́n kàn ń sáré. Wọ́n ti fi nǹkan fọ́ ọ lórí." Ọ̀kan nínú wọn mi páálí ìṣáná. "Bí o bá mọ̀ ọ́n, kí lorúkọ rẹ̀?"

Túnráyọ̀ wo ojú ẹni tó ń tẹ̀lé e láti ọjọ́ yìí wá, orúkọ rẹ̀ kò sí lẹ́nu rẹ̀. Bó bá parọ́ orúkọ, wọ́n á bi ọkùnrin náà, wọ́n á sì mọ̀.

"Ọkọ mi ni," ó wí. Ó yíjú sí àwọn obìnrin tó ń wò. "Ẹ̀yin ìyá mi, ìgbà wo ni obìnrin ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ?"

Ìyá Àrínọlá, tó ń gbé èkùrọ́ lọ, sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ lọmọ yìí sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé baba Àrínọlá, orúkọ rẹ̀ kò gba ẹnu mi jáde rí. Ìwọ oníṣáná, ṣé ìyá rẹ ń pe bàbá rẹ lórúkọ?"

Ọwọ́ ọkùnrin náà wálẹ̀. Àwọn àgbà dé, wọ́n tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní bó bá jẹ́ ọkọ lóòótọ́, kí àwọn èèyàn ọkọ àti èèyàn ìyàwó wá fojú hàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n rí ọmọ tó sọnù lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìkìrun. Ìyá Àrínọlá nìkan ló bomi fọ ojú Ará Ìbà.

Ilé mi ni wọ́n gbé e wá. Ó jókòó, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí o sọ níwájú wọn, n kò ní fi dè ọ́. Ìbẹ̀rù ló sọ ọ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé ìbẹ̀rù ni? Ó yá, sọ orúkọ rẹ. Mo sá dé Òkukù láìdúró."

"O dúró."

"Wọ́n dá mi dúró ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ tún ya. Kò sọ ọ́. Ó ní lẹ́nu bàbá òun ni kó ti gbọ́ ọ.

Nígbà tí Títílayọ̀ gbọ́, ó bá mọ́tò àkọ́kọ́ dé láti Ìbàdàn. Ó ní ìwé lòun rán ọmọ wá kọ́, òun ò rán an wá fẹ́ ọkọ ojú títì. Ó ní kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Ará Ìbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, bí ẹ bá ní kí n lọ, n ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí mò ń mí yìí, ọmọ yín ló gbà á, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì wà."

Títílayọ̀ wo ojú rẹ̀ tó wú. Ó sunkún díẹ̀. Ó ní kó jẹ́ kí ọmọ òun jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ná. Ará Ìbà dúró títí ọmọ fi jáde.

Ọjọ́ ìdána ni bàbá Ará Ìbà wí pé, "Dúródọlá ọmọ wa ló rí òdòdó lágbàlá yín." Túnráyọ̀ gbójú sókè lábẹ́ ìbòrí. Ó gbọ́ ọ, ó sì gbé e mì. Kò pè é. Ará Ìbà ló ń pè é títí wọ́n fi bí Ẹ̀bùn, ó wá di Baba Ẹ̀bùn. Wọn ò fi eré sílẹ̀. Bó bá ti di ìdájí, wọ́n á gbé ọmọ fún mi, n ó sì máa gbọ́ ẹsẹ̀ wọn títí yóò fi parẹ́, ẹ̀rù kò sì fìgbà kan kúrò láyà mi.

Nínú ọyẹ́ ọdún tí Ẹ̀bùn ń lọ sílé-ìwé jẹ́léósinmi, wọ́n ń sá lọ lápá odò Ọ̀tìn. Túnráyọ̀ wà níwájú, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ, kò gbọ́ ọ mọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dúró. Baba Sájẹ́ǹtì ní nígbà tí àwọn dé ibẹ̀, Túnráyọ̀ ti gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Ó ń pè é, Dúródọlá, Dúródọlá, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an létí òfin. Ilẹ̀ kò tíì mọ́, ọkọ rẹ̀ kò sì dá a lóhùn.