Ojú Tó Ń Kàwé Sẹ́yìn

"Ka ìlà kẹrin fún mi," ni nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ojú wò wí. Ó na ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí pátákó funfun tó wà lára ògiri.

Níbi tí mo jókòó sí, ìlà kẹrin dà bí èèrà tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà mí. Mo fi ọwọ́ bo ojú òsì, mo gbé àyà sókè bíi sójà, mo sì kà á wàràwàrà: "O, V, H, T!"

Nọ́ọ̀sì wo pátákó, ó tún wò mí.

Bàbá mi ló ń wa ọkọ̀ ilé búrẹ́dì kan láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Oṣù tó kọjá, ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ni ọkọ̀ náà ní, "Ọmọ yín ti pé ọdún méjìdínlógún, ẹ sì ti ń kọ́ ọ lọ́kọ̀. Tó bá gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, kó máa bá yín wà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa gbé e fún ẹlòmíì." Kí wọ́n tó fúnni ní ìwé náà, fọ́ọ̀mù ìlera ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè: ẹ̀jẹ̀ ríru, etí, àti ojú.

Ojú gan-an ni ìṣòro mi. Gbogbo ohun tó bá jìnnà sí mi ló ń rí bàìbàì. Ọjọ́ kan tí Bàbá ń kọ́ mi lọ́kọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán, n kò rí oníkẹ̀kẹ́ kan àfìgbà tó kù díẹ̀ kí n gbá a. Mo tẹ búrèkì, búrẹ́dì ẹ̀yìn ọkọ̀ sì dà wó.

"Kí ló dé?" ni Bàbá bi mí.

"Kòtò ni, Bàbá."

N kò sọ òótọ́, nítorí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ pé ẹni tó bá ń lo awò ojú kì í gba ìwé ìwakọ̀. Afínjú, ọ̀rẹ́kùnrin mi, nìkan ni mo sọ fún. Òun ló ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ohùn rẹ̀ nìkan sì ti tó láti mú mi gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná.

"Má mikàn, ẹyinjú mi," ló wí. "Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa yẹ èmi náà wò. Màá ya pátákó yẹn wá fún ẹ."

Ó yà á lóòótọ́, àmọ́ Afínjú kì í ya fọ́tò láìya ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ó kọ ojú fóònù sí ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, pátákó sì hàn lẹ́yìn èjìká rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi há a sórí.

"Ọmọ mi," ni nọ́ọ̀sì wí níkẹyìn, "T, H, V, O ló wà níbẹ̀. O ò gbàgbé ẹyọ kan, àmọ́ ẹ̀yìn lo ti bẹ̀rẹ̀. Ó yá, ka ìlà karùn-ún."

Mo kà á. Ẹ̀rín pa á.

"Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí ojú tó ń kàwé sẹ́yìn! Fọ́tò ta lo wò?"

Mo fa fóònù yọ, mo sì fi fọ́tò náà hàn án.

"Háà! Ọ̀gbẹ́ni eléyín funfun ọjọ́ Ajé! Fóònù tí a bá kọ ojú rẹ̀ sí ara wa dà bíi dígí, ọ̀tún á di òsì. Àwọn lẹ́tà wa sì dọ́gba lápá méjèèjì, ẹ ò lè mọ̀ pé wọ́n ti yí."

Omijé bọ́ lójú mi. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá mi."

"N kò ní bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù yìí lónìí." Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ẹ pé ẹni tó ń lo awò ò lè wakọ̀?"

"Àwọn awakọ̀ ni, mà."

"Ṣé àwọn ló ń yẹ ojú wò ni? Bí o bá lè fi awò ka pátákó yìí dé ibi tó yẹ, ó parí. Wọ́n á kàn kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé o ò gbọdọ̀ wakọ̀ láìlò ó."

Ó gbé férémù kan wọ̀ mí lójú, ó ń pààrọ̀ dígí inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójijì, èèrà di lẹ́tà. Mo wo ojú fèrèsé: igi ìta ní ewé, ewé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀! Mo mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà tí awò mi dé, nọ́ọ̀sì bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Afínjú ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Láti òkèèrè ni mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀.

"Ṣé bó o ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí mi láti òkèèrè nìyẹn?"

"Láti ọdún tó kọjá! Mo rò pé ò ń ṣe yànga fún mi ni."

Nílé, mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá. "Bàbá, ọjọ́ yẹn, kì í ṣe kòtò. Oníkẹ̀kẹ́ kan ni n kò rí."

"Áà! Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń wá kòtò náà kiri!" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Ọmọ mi, búrẹ́dì tó dà wó, a lè yan òmíràn. Oníkẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ta ló máa yan òmíràn fún ìyàwó àtọmọ rẹ̀?"

Ó fà mí dìde, ó nu awò mi pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀, ó sì fi í padà sójú mi.

Ó ku ọjọ́ méjì kí gbèdéke Ìyá Oníbúrẹ́dì pé nígbà tí mo gba ìwé ìwakọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ kọjá ìlà karùn-ún, mo sì dúpẹ́ pé ibẹ̀ ni òtítọ́ ti bá a, kì í ṣe lójú títì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi àìlera yín pamọ́ fún ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ̀ búrẹ́dì, awò mi ni mo kọ́kọ́ ń fi sójú.