Ẹni Tó Bá Tò Ó Ni Yóò Jókòó Sínú Rẹ̀

"Ó ń fà sí ọ̀tún," ni ọkùnrin tó ni mọ́tò náà wí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Bí mo bá gbọ́wọ́ kúrò lórí síárìn báyìí, inú gọ́tà ló ń gbé mi lọ. Ẹ wo táyà iwájú, ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ ti jẹ tán."

Mọ́tò asáré pupa ni, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ọkùnrin náà ní láti fọwọ́ ti ilẹ̀ kó tó lè jáde níbẹ̀. Ìjókòó méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn ọmọ kíláàsì Kíákíá, tí wọ́n wá kí i nítorí ọlidé, fò dìde lórí àwọn àlòkù táyà tí wọ́n fi ṣe àga.

Kíákíá kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ìyá rẹ̀, tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń to táyà yìí, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọbìnrin náà kì í lè ṣe nǹkan ní pẹ̀lẹ́. Á ti dáhùn ìbéèrè kí o tó bi í tán. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, ó mọṣẹ́. Ó lè gun mọ́tò sórí pèpéle irin, kó so ẹ̀rọ mọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì máa yí náàtì títí kọ̀ǹpútà yóò fi sọ pé táyà ti dúró déédéé.

Òfin méjì ni ìyá rẹ̀ ní. Kí wọ́n tó so ẹ̀rọ mọ́ mọ́tò rárá, wọ́n gbọ́dọ̀ fi jáàkì gbé e, kí wọ́n fọwọ́ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí wọ́n sì mì í. Bí táyà bá ń yẹ̀, àwọn irin tó gbé e dúró lábẹ́ ti jẹ nìyẹn, kò sì sí ìtò tó lè ràn án. Òfin kejì ni pé ẹni tó bá to mọ́tò ni yóò jókòó sínú rẹ̀ bí wọ́n bá ń gbé e lọ dán wò. "Bí o kò bá lè fi ẹ̀mí ara rẹ lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ," ni ìyá náà máa ń wí, "má fi ti ọmọ ọlọ́mọ lé e."

Lọ́jọ́ náà, abẹ́ mọ́tò mìíràn ni ìyá wà, ó ń pààrọ̀ ṣókì. "Kíákíá, gba mọ́tò yẹn," ló ké jáde láti ibẹ̀. "Mi táyà rẹ̀ kí o tó ṣe ohunkóhun o!"

"Ẹ̀hẹn, mà!"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Gògóró, ti sún mọ́ ọn. "Ìwọ náà lo máa ṣe èyí? Irọ́ ńlá! Kọ̀ǹpútà ọ̀hún dà? Jẹ́ ká rí i."

Ta ló fẹ́ lóṣòó, kí ó máa fa táyà bí ẹni ń fa èpò, nígbà tí Gògóró ń wòran? Kíákíá fo òfin kìíní. Ó so ẹ̀rọ, ó tan kọ̀ǹpútà, àwọn nọ́ńbà pupa sì yọ lójú rẹ̀. Ó mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí náàtì. Nígbà tó yí síárìn, nǹkan kan dún "kọ̀ọ́" lẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé pèpéle ló dún, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí gbogbo nọ́ńbà fi di aláwọ̀ ewé. Gògóró pàtẹ́wọ́.

Ìyá rẹ̀ dé, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wá wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ṣé o mì í?"

Gbogbo ojú wà lára Kíákíá. "Mo mì í, mà."

Ọkùnrin náà ti gba kọ́kọ́rọ́. "Èmi fúnra mi ni màá wà á o. Mi kì í fún ẹnikẹ́ni ní mọ́tò yìí."

Kíákíá ṣí ilẹ̀kùn kejì, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Dúró ńbẹ̀. Mi ò mọ irú eré tí bọ̀ọ̀dá yìí máa ń sá. Èmi ni màá jókòó. Ọwọ́ ọmọ mi, ọwọ́ mi náà ni." Ó ká ara rẹ̀ wọnú mọ́tò kékeré náà. "Ẹ gbà mí o! Ta ló máa wá fà mí jáde?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mọ́tò náà gun òkìtì kékeré tó wà lẹ́nu géètì. Kọ̀ọ́.

Kíákíá mọ ìró náà; kì í ṣe pèpéle ló dún. Bó bá sọ òótọ́, Gògóró yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́la. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ikú ta ni? Ìyá rẹ̀ ló wà nínú mọ́tò, òun kọ́. Ó ju sípánà nù, ó sá jáde, bàtà rẹ̀ kan sì bọ́ sílẹ̀. Mọ́tò pupa náà ti dúró ní ìkòríta, ó ń retí kí àwọn ọkọ̀ ẹrù kọjá kí ó tó já sí títì. Kíákíá bọ́ síwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a lórí.

"Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Mi ò mì í! Mo purọ́ ni!"

"Ṣé orí rẹ pé?" ni ọkùnrin náà jágbe.

Ìyá fa ara rẹ̀ jáde, ó ní kí wọ́n gbé jáàkì wá sétí títì. Nígbà tó di táyà ọ̀tún mú, tó sì mì í, ó ń yẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Irin olórí róbótó tó so táyà mọ́ apá mọ́tò ti jẹ, ó kù díẹ̀ kó yọ. Bó bá yọ lórí eré, táyà yóò ṣẹ́ sábẹ́ mọ́tò. Ìyá rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kíákíá bú sẹ́kún.

Ọkùnrin náà pe ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò, ó gbé tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ó sì ròyìn wọn kiri pé ọmọdé ni wọ́n ń fi mọ́tò olówó kọ́ṣẹ́. Gògóró náà ṣe bí Kíákíá ṣe rò pé yóò ṣe. Ìtàn náà dé ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú Kíákíá, pẹ̀lú iyọ̀ àti ata.

Ìyá kò lù ú. "Kì í ṣe pé o kò mì í ló dùn mí," ló sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Mo bi ọ́, o sì wò mí lójú." Láti ìgbà náà, gbogbo táyà tí Kíákíá bá mì, ìyá yóò tún un mì lójú oníbàárà. Èyí dun ọmọ náà ju ẹgba lọ, ṣùgbọ́n kò ráhùn. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọlidé yẹn parí, òmíràn dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kíákíá to takisí kan tán. Ìyá rẹ̀ kọjá lára táyà láìfọwọ́ kàn án, ó jókòó sídìí síárìn. "Wọlé ká lọ," ló wí.

Inú Kíákíá dùn débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn mú, ṣùgbọ́n kò wọlé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n tún un mì."

Ìyá wò ó, ó pa mọ́tò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fara ti ògiri láti dúró dè é. Kíákíá lóṣòó ti táyà, kò sì kánjú. Ó ti mọ̀ wàyí pé àwọn tí à ń torí ojú wọn purọ́ kì í bá wa wọ mọ́tò. Àwọn tó gbà wá gbọ́ ló ń wọ̀ ọ́.