Ìkíni Tó Kún Yàrá Bàbá

"Ẹ kú àbọ̀, àlejò. Yàrá yín kò ṣí."

Ìgbà kẹrin nìyẹn tí Agbo-Ilé sọ bẹ́ẹ̀ fún Baba Látúnjí láàárín wákàtí kan, ìgbà kẹrin náà sì ni bàbá bojú wo Ìbíwùmí tó ń tún Agbo-Ilé ṣe bí ẹni pé òun ló kọ́ ẹ̀rọ náà ní ìwàkíwà.

"Àlejò," bàbá ní. "Èmi tí mo wà níbí kí wọ́n tó ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jáde, kẹ́ ẹ tún wọlé."

"Mo ti jáde tó. Ṣé ewúrẹ́ lo fi mí pè ni?"

Ní ayé ìgbà yẹn, òkun ti gbé gbogbo etíkun mì, àwọn tó ṣẹ́kù sì tẹ ìlú Odi-Òkun dó sẹ́yìn ògiri gíga kan tó ní ilẹ̀kùn irin méjìlá. Kò sẹ́ni tó ń fi ọwọ́ ti àwọn ilẹ̀kùn yìí. Inú Agbo-Ilé ni wọ́n ti ń darí wọn. Agbo-Ilé kì í ṣe ilé téèyàn ń fi ẹsẹ̀ wọ̀ o. Ẹ̀rọ ńlá kan ni, orí òkè ni wọ́n gbé e sí, níbi tí omi kò lè dé. Ibi yòówù kí òṣìṣẹ́ wà, á gbé awò sójú, á dárúkọ ara rẹ̀, Agbo-Ilé á sì gbé yàrá tirẹ̀ wá bá a. Inú yàrá yẹn ni irinṣẹ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni àṣẹ rẹ̀ wà. Bí yàrá ẹni bá kọ̀ tí kò ṣí, Agbo-Ilé kò ní lé onítọ̀hún, yóò kàn fi í wọ yàrá àlejò. Àga wà níbẹ̀, fèrèsé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun téèyàn bá ṣe níbẹ̀, bó bá ti jáde, ó parẹ́ nìyẹn. Àlejò ò sì lè pàṣẹ fún ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ sì rèé: Baba Látúnjí nìkan ló ní àṣẹ Ilẹ̀kùn Kẹfà. Ó ti ṣí i ní ìdájí kí àwọn apẹja lè jáde. Òkun máa kún ní agogo kan. Aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹgbẹ̀ta ilé ló wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ilé ìyá Ìbíwùmí sì wà lára wọn.

Ìbíwùmí ò kàwé lọ títí. Nídìí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́, ó ń tú u, ó ń tò ó, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè ṣàlàyé. Ó ti wò ó bóyá ẹlòmíì ń fi orúkọ bàbá wà nínú yàrá. Kò sí. Ó ti yẹ àmì ìdánimọ̀ wò. Kò yí padà. Dókítà Bámgbálà tó ṣe Agbo-Ilé hàn bí àwòrán lára ògiri, ó ń wò wọ́n láti ilé rẹ̀, ó ń mu tíì.

"Ẹ pa Agbo-Ilé, kẹ́ ẹ tún tàn án," Dókítà ní.

"Bí mo bá pa á, sà, ta ló máa di ilẹ̀kùn mọ́kànlá yòókù mú?"

"Ohun tí ìwé sọ ni mo sọ."

"Ìwé ò gbé Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà, sà."

Ó ṣe ohun tó máa ń ṣe sí ilẹ̀kùn tó bá há nílé: ó wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ẹrù yàrá bàbá sórí ìwọ̀n. Ìwọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Nígbàkígbà téèyàn bá fẹ́ wọlé, odindi ẹrù yàrá rẹ̀ ni Agbo-Ilé ń gbé. Èyí tó bá wúwo jù ú lọ, yóò sọ ọ́ kalẹ̀, yóò sì pe ẹlẹ́rù ní àlejò.

"Bàbá, kí lẹ kó síbẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ kó? Àga mi àti àṣẹ mi ni."

Ìbíwùmí ṣí àjà yàrá náà. Ìkíni ló bò ó.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Agbo-Ilé, àwọn àgbà ló yarí. Wọ́n ní ọmọdé kan ò gbọdọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà àgbà láìkí i, ẹ̀rọ ìbáà wà, kó má wà. Dókítà bá ṣe é bẹ́ẹ̀: kí yàrá òṣìṣẹ́ kankan tó ṣí láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà Baba Látúnjí kó kí i, ohùn náà á sì wọlé lọ dúró. Ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́, láràárọ̀, fún ọdún mọ́kànlá. Ìkíni àárọ̀ ọjọ́ yìí ló wá kún un dé ẹnu.

"Ó lé ní mílíọ̀nù kan, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kó wọn dànù."

"A kì í gbá ìkíni dànù."

"Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ̀kan rí níbẹ̀?"

"Ìkíni kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́," bàbá ní. "Ohun tí à ń gbà ni."

Ìbíwùmí tún wo aago.

"Ẹ kó wọn lọ síbòmíì," Dókítà ní.

"Wákàtí mẹ́fà ló máa gbà, sà. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ló kù."

Dókítà gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Àbùkù ló máa jẹ́ fún àwọn tó kí mi," bàbá ní.

"Omi ló máa bo àwọn tó kí yín, bàbá. Ẹ yan ọ̀kan."

Bàbá ní, "Ṣe é. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bó o ṣe dá mi lóhùn."

Ìbíwùmí kó wọn dànù. Ti òní nìkan ni Agbo-Ilé ò jẹ́ kó pa rẹ́, torí kì í pa ohun tí kò tíì sùn ọjọ́ kan rẹ́. Kò ráyè bá a jà.

"Ẹ káàbọ̀, Baba Látúnjí."

Bàbá tún agbádá ṣe, ó jókòó, ó pàṣẹ. Ilẹ̀kùn Kẹfà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó dé agbede méjì, ó dúró. Agbo-Ilé ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, irin tó fi ń wálẹ̀ lápá òsì, ló há.

Láti ojú fèrèsé yàrá bàbá ni wọ́n ti rí Ṣótúndé, olùṣọ́ ilẹ̀kùn náà. Ó mú ọ̀pá irin, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ wọ inú omi. Omi dé ìbàdí rẹ̀, ó dé ọrùn, lẹ́yìn náà wọn ò rí i mọ́. Ilẹ̀kùn gbọ̀n, ó sì já wálẹ̀ pátápátá.

Omi tó ráyè wọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà ò ju orúnkún lọ. Agogo mẹ́ta ni wọ́n tó rí òkú Ṣótúndé, láàárín ilẹ̀kùn àti ògiri.

"Irin tó dípẹtà báyìí ò dípẹtà lónìí," bàbá ní, nígbà tí wọ́n gbé ègé irin ẹsẹ̀ òsì náà síwájú rẹ̀. "Ọdún mẹ́jọ ni Ṣótúndé fi ṣọ́ ọ. Kí ló ṣe tí kò sọ?"

"Olùṣọ́ tó rí ewu tí kò sọ," Dókítà ní, "òfin ní kí wọ́n gba ilé olùṣọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la máa kọ ọ́."

Ó rẹ Ìbíwùmí. Aṣọ rẹ̀ ṣì tutù dé ìbàdí láti ibi tí wọ́n ti lọ gbé Ṣótúndé jáde.

"Ibo ló ti fẹ́ sọ ọ́, sà? Ta ló fún olùṣọ́ láyè àtipe bàbá? Ẹnu ọ̀nà wọn nìkan ló lè dé."

Kò dúró gbàṣẹ. Ó wá ohùn náà kàn láàárín ti òní, ó tú u sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Èmi Ṣótúndé ti Ilẹ̀kùn Kẹfà ni mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ òsì tí mo máa ń sọ náà ni, bàbá. Ó ti dípẹtà wọnú báyìí. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ má bínú pé mo tún ń rán yín létí."

Ohùn mìíràn dáhùn, ó tutù, ó nípọn:

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Máa lọ sẹ́nu iṣẹ́."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn yẹn nínú àwọn òṣìṣẹ́ Odi-Òkun. Òun ló ń dá gbogbo wọn lóhùn láràárọ̀. Ọdún tí Agbo-Ilé bẹ̀rẹ̀ ni Dókítà ti gbà á sílẹ̀, kó má baà dà bíi pé àgbà ń kọ ìkíni ọmọdé. Dókítà ò lè gbójú sókè.

"Ìgbà mélòó ló sọ ọ́?" ó béèrè.

"Mi ò mọ̀, sà. Mo ti kó ìyókù dànù."

Bàbá na ọwọ́. "Tún un ṣe kí n gbọ́." Ìbíwùmí tún un ṣe. Bàbá fetí sí i títí dé òpin, ó di orí mú.

"Ta ló dá a lóhùn yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."